RÉDÍÒ TÍ Ń GBÈSÌ

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó bá a mu: Asọ̀rọ̀mágbèsì. Àpótí kékeré ni nígbà náà, wáyà ni ó so ó mọ́ ilé iṣẹ́ tí ohùn ti ń wá. Èkó ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1935. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Ẹni tí ó bá san owó rẹ̀ á jókòó tì í, á máa gbọ́. Bí àpótí náà bá sọ ohun tí kò yé e, kò lè ní kí ó tún un sọ. Bí ilé rẹ̀ bá ń jó, tí ó kígbe sí àpótí náà, orin ni yóò máa kọ lọ.

Lónìí, rédíò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. OSBC wà ní Òṣogbo, Gold FM ti Radio Nigeria wà ní Iléṣà, àwọn mìíràn sì tún wà. A lè fi fóònù pe olóòtú ètò, kí á sọ tẹnu wa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: fóònù ni ó gba èsì yẹn, kì í ṣe rédíò. Èyí tí ó wà lórí tábìlì yín ṣì ń jẹ́ orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ ọ́.

Rédíò kan wà tí kò jẹ́ orúkọ yẹn. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ó ń gbèsì. Kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ìjọba, kì í sì í ṣe ti oníṣòwò. Ọwọ́ ẹni bí èmi àti ẹ̀yin ni ó máa ń wà: ọwọ́ tíṣà, ọwọ́ atúnrédíòṣe, ọwọ́ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí ń lò ó ni a ń pè ní amátọ̀. Ìtumọ̀ amátọ̀ ni ẹni tí ń ṣe nǹkan nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, tí kò gba owó lé e lórí. Nípa wọn ni a fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ọmọ Òròkí àti ẹ̀yin ọmọ Ọbòkun, nítorí pé iṣẹ́ wọn lè wúlò fún wa lọ́jọ́ tí nǹkan bá le.

Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni kàn lè ra ẹ̀rọ kí ó máa sọ̀rọ̀ lu afẹ́fẹ́. Amátọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, bí awakọ̀ ti ń gba láísẹ́ǹsì. Lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àjọ NCC ni ó ń bójú tó o. Kí amátọ̀ tó gba ìwé náà, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun mọ bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, pé òun sì mọ òfin rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún un ní orúkọ orí afẹ́fẹ́, èyí tí kò sí ẹlòmíràn tí ó ń jẹ́ ẹ ní gbogbo ayé. Ti Nàìjíríà, 5N ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí á tó gba òmìnira ní 1960, ZD2 ni. Ti India ń fi VU bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí amátọ̀ kan ní India bá gbọ́ 5N, kò ní bi í pé ọmọ ibo ni, ó ti mọ ilẹ̀ tí ohùn náà ti wá.

Òfin wọn le díẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Amátọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi rédíò rẹ̀ polówó ọjà. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ àṣírí, kò gbọ́dọ̀ fi ẹnà sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. Gbangba ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ wọn ní Nàìjíríà ni Nigeria Amateur Radio Society. Ẹgbẹ́ ti gbogbo ayé, ìlú Paris ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1925, ọjọ́ 18 oṣù April ni wọ́n sì máa ń fi ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Báwo ni ohùn ṣe ń dé ọ̀nà jíjìn láìsí wáyà? Ẹ̀rọ náà máa ń sọ ohùn ènìyàn di ìgbì tí ojú kò rí. Ìgbì náà á gba orí wáyà èríà jáde, á máa sáré lọ bí ìmọ́lẹ̀ ti ń sáré, ìyẹn ni 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí á tó ṣẹ́jú, ó ti dé. Ẹ̀rọ tí ó wà ní òdìkejì á tún sọ ìgbì náà di ohùn padà.

Ṣùgbọ́n ìgbì kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìgbì kúkúrú gan-an, irú èyí tí wọkitọ́kì ń lò, kì í fẹ́ ohun tí yóò dí i lójú. Bí ẹ bá dúró sórí òkè, ẹ ó rí ọ̀nà jíjìn, ìgbì yìí náà á sì lọ jìnnà. Bí ẹ bá wà ní kòtò, kò ní lọ jìnnà rárá. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí a ń sọ. Òkè pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀ ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́, òkè dúró gbagidi ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí àwọn amátọ̀ máa ń ṣe nírú ibẹ̀ ni pé wọn á gbé ẹ̀rọ kan sí orí òkè, èyí tí yóò máa gba ohùn láti ìhà kan, tí yóò sì tún un sọ sí ìhà kejì. Òkè tí ó ń dínà tẹ́lẹ̀ á wá di olùrànlọ́wọ́.

Ìgbì tí ó gùn ju ìyẹn lọ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Yóò fò sókè lọ sí òfuurufú, ohun kan á dá a padà lókè lọ́hùn-ún, á sì tún bọ́ sílẹ̀ níbi tí ó jìnnà, bí bọ́ọ̀lù tí ọmọdé sọ lu àjà ilé. Ọ̀nà yìí ni ẹni tí ó wà ní Òṣogbo fi lè bá ẹni tí ó wà ní Kano sọ̀rọ̀ láìsí òpó kankan láàárín wọn. Bátìrì mọ́tò kan àti wáyà tí a ta láti orí igi kan sí èkejì ti tó fún un.

Ọ̀pọ̀ yín ni yóò bi wá pé, kí ni a fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe? Fóònù wà lápò gbogbo wa. Òótọ́ ni. Láti 2001 tí fóònù alágbèéká ti gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ lè bá ọmọ rẹ̀ ní London sọ̀rọ̀ níwájú àtẹ. A kò ní kí ẹnikẹ́ni ju fóònù nù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí fóònù ń jẹ kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Ó nílò òpó gíga. Òpó náà nílò iná, bí iná kò bá sí, ó nílò díísù. Nígbà mìíràn, wáyà tí ó wà nínú ilẹ̀ ni ó máa ń so òpó kan mọ́ èkejì. Bí omi bá wú wáyà yìí, tàbí tí ọkọ̀ díísù kò rí ọ̀nà gbà, fóònù ẹgbẹ̀rún ènìyàn á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àní bí òpó kò tilẹ̀ bàjẹ́, lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, gbogbo ìlú ni yóò gbá fóònù mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òpó á kún, bí ìgbà tí gbogbo ọjà bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan jáde.

Ìjàǹbá omi kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 August 1980. Òjò rọ̀, odò kún, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 August 2011, omi tún ya wọ ìlú náà, ó pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì já afárá púpọ̀. Òṣogbo náà ní odò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá ní afárá Gbọ̀dọ̀fọ́n nígbà òjò, ẹ mọ bí omi Ọ̀ṣun ti ń rí nígbà tí ó bá bínú.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn erékùṣù kan wà nínú òkun ní ìlà-oòrùn India tí wọ́n ń jẹ́ Andaman. Ní December 2004, àwọn amátọ̀ kan láti India lọ síbẹ̀. Obìnrin ni olórí wọn, Bharathi Prasad ni orúkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ohùn amátọ̀ ti jáde láti erékùṣù náà gbẹ̀yìn, nítorí náà ni wọ́n ṣe gba àṣẹ ìjọba, kí àwọn amátọ̀ gbogbo ayé lè bá ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbafẹ́ ni wọ́n bá lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ 26, ilẹ̀ mì tìtì, òkun sì ya bo ilẹ̀. Tẹlifóònù dákẹ́. Àwọn tí wọ́n wá ṣe ìgbafẹ́ ni ohùn wọn ṣì ń jáde. Wọ́n dá eré dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba ìròyìn àwọn tí ó yè, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ India, kí àwọn ìyá àti bàbá tí wọn kò lè sùn lè mọ̀ bí ọmọ wọn ṣì wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò yàtọ̀, bí wọ́n ti lówó tó. Nígbà tí ìjì Maria ba erékùṣù Puerto Rico jẹ́ ní September 2017, Red Cross ké sí ẹgbẹ́ amátọ̀ pé kí wọ́n wá àádọ́ta ènìyàn fún àwọn. Àwọn 22 ni ó gbéra lọ, tàwọn ti rédíò wọn, láti lọ máa fi orúkọ àwọn tí ó yè ránṣẹ́.

Wàyí o, ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àní ẹ̀rọ ni ó kéré jù nínú rẹ̀. Ohun tí ó ṣòro ni kí ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ẹnì kan kí ó sì dé etí ẹlòmíràn láìyí padà. Ariwo máa ń pọ̀ lórí rédíò: á máa ya, á máa hó bí epo tó gbóná. Èdè tiwa sì rèé, ohùn ni ó gbé e ró. Igba ni owó tí a kà. Igbá ni a fi ń bu omi. Ìgbà ni àkókò. Igbà ni a fi ń gun ọ̀pẹ. Bí ariwo bá gbé ohùn lọ, èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹni tí ń gbọ́ yóò mú? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwé, ẹ rántí bí olùkọ́ yín ti ń da yín láàmú nítorí àmì ohùn. Kò da yín láàmú lásán.

Àwọn onílù wa ti mọ ọgbọ́n èyí kí rédíò tó dé. Bí onídùndún bá fẹ́ ki ènìyàn, kì í lu orúkọ rẹ̀ nìkan kí ó dákẹ́. Yóò fi oríkì kún un, nítorí pé orúkọ méjì lè ní ohùn kan náà, ṣùgbọ́n oríkì ni yóò fi ẹni tí ó ń sọ hàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn amátọ̀ ń ṣe. Wọ́n fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ gígùn tí ariwo kò lè tètè bò. Láti 1956 ni àwọn awakọ̀ òfuurufú ti ń lo orúkọ wọ̀nyí. A ń pe Oscar dípò O, Sierra dípò S. Bí amátọ̀ bá fẹ́ pe Osogbo létí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa, yóò ní: Oscar, Sierra, Oscar, Golf, Bravo, Oscar. Ilesa á di: India, Lima, Echo, Sierra, Alfa.

Ti òǹkà tún wà níbẹ̀. Òǹkà Yorùbá dùn, ṣùgbọ́n ó lè ṣìnà lórí rédíò. Mẹ́rìnlélógún ni 24. Mẹ́rìndínlógún ni 16. Ẹni tí kò bá gbọ́ àárín ọ̀rọ̀ náà, ibùsùn mẹ́jọ ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, kí á máa pe nọ́ńbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: méjì, mẹ́rin. Kì í ṣe pé a kẹ́gàn òǹkà àwọn bàbá wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ìkíni tiwa náà, a ó ní láti gé e kúrú. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ará ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́: kí á tó kí ara wa tán, bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Àwọn amátọ̀ fi gbogbo èyí sínú nọ́ńbà kan ṣoṣo, 73, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kí yín o. Lọ́jọ́ tí kò bá sí wàhálà, kí a kíra wa títí di òru.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó tóbi jù lọ ni pé kí a kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí a tó sọ ọ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká ní òjò ńlá rọ̀, afárá já, fóònù kò lọ, aboyún kan sì wà nínú ewu ní Ìbòkun. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á gbá rédíò mú, á ní: “Ẹ gbà wá o! Yéè! Ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ o!” Ìṣẹ́jú kan ti lọ, ẹni tí ń gbọ́ kò tíì mọ ibi tí ó ti ń pè. Amátọ̀ tí ó gba ẹ̀kọ́ á mú pẹ́ńsù, á kọ ọ́ báyìí sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà:

“Obìnrin kan ń rọbí ní Ìbòkun. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Omi ti gbé afárá lọ. Ẹ pe dókítà. A ń gba ọ̀nà mìíràn bọ̀.”

Ẹ kà á. Ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Kí amátọ̀ tó ka iṣẹ́ náà, yóò kọ́kọ́ sọ iye ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, àti aago tí ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò rọra kà á, díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ ẹni tí ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún lè bá a. Nígbà tí ó bá kà á tán, yóò ní, “Ó dọwọ́ yín.” Ẹni tó wà ní Iléṣà á ka ohun tí ó kọ, á rí i pé mẹ́rìnlélógún péré ni òun ní. Ọ̀rọ̀ kan ti sọnù. Ó gbọ́ pé “A ń gba ọ̀nà bọ̀,” kò gbọ́ “mìíràn.” Bí kò bá béèrè, wọn yóò gbé ọkọ̀ lọ dúró níbi afárá tó já, aboyún yóò sì máa gba ibòmíràn bọ̀ láìsí ẹni tí yóò pàdé rẹ̀. Nítorí pé ó ka iye ọ̀rọ̀, ó béèrè. Wọ́n tún un kà. Ó pé.

Ẹ rí i pé ẹni tí ń kọ iṣẹ́ yìí lè má mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Ohun tí ó mọ̀ ni ìwé kíkọ, ìwé kíkà àti òǹkà. Ohun tí ẹ ti kọ́ nínú kíláàsì yín nìyẹn.

Bí àwọn ènìyàn Òṣogbo tàbí ti Iléṣà bá fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ rà. Kí wọ́n wá ẹni tí ó ti ní ìwé àṣẹ, kí ó máa kọ́ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ dára fún un, nítorí pé ọ̀dọ́ pọ̀ níbẹ̀, tíṣà tí ó mọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì wà níbẹ̀. Gbígbọ́ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí sísọ tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè kọ́ Morse, tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ní kúkúrú àti gígùn. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe àlejò ní Òṣogbo. Lẹ́yìn tí rélùwéè dé ìlú náà ní 1907, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń tẹ wáyà nígbà náà, tí wọ́n fi ń sọ fún ara wọn pé ọkọ̀ ti gbéra.

Kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà tó ọba, ọlọ́pàá àti ìjọba ìbílẹ̀ létí. Ní àkókò yìí tí ajínigbé ń da ìlú rú, ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ tí kò ní ìwé àṣẹ sínú igbó, bí wọ́n bá mú un, kí ni yóò sọ? Ìwé àṣẹ ni yóò gbà á sílẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ bá dúró, kí wọ́n yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ní aago kan náà, kí ẹnì kan máa pe orúkọ, kí olúkúlùkù sì máa jẹ́ ọ̀un: ti Òṣogbo, ti Iléṣà, ti Ìbòkun, ti Ìpetu. Ẹni tí kò bá jẹ́, kí wọ́n lọ wò ó, bóyá bátìrì rẹ̀ ni ó kú, bóyá ara rẹ̀ ni kò yá. Bí a kò bá ṣe èyí lọ́jọ́ tí ara dẹ̀, lọ́jọ́ ìjàǹbá ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé rédíò ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá.

A rò pé iṣẹ́ yìí yóò bá ọmọ Ìjẹ̀ṣà lára mu. Ta ni kò mọ Òṣómàáló? Oníṣòwò aṣọ tí ó tajà àwìn, tí ó padà wá gba owó, tí ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ó ní òun kò ní dìde títí òun yóò fi gbowó òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni amátọ̀ ti ń jókòó ti rédíò rẹ̀ lóru. Á pè, kò sí èsì. Á yí i díẹ̀, á tún pè. Ariwo nìkan ni ó ń gbọ́. Á tún pè. Nígbà tí ó bá yá, láàárín ariwo náà, ohùn kan tí ó tín-ín-rín á dá a lóhùn láti ibi tí kò dé rí.

IṢẸ́ ṢÍṢE. Kí ẹni méjì nínú kíláàsì lọ sí yàrá méjì, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Kí ẹni àkọ́kọ́ kọ iṣẹ́ kan tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, kí ó fi àmì ohùn sí i, kí ó ka iye ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ẹni kẹta máa gún odó láàárín wọn. Kí ẹni àkọ́kọ́ wá ka iṣẹ́ náà sókè, kí ẹni kejì sì kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀ síra wọn, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tí odó gbé lọ.